Ihò Eléérú, Ẹ̀jẹ̀ àti Ẹ̀bù Iṣu: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ẹfolúṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Òkúta tó gbé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dúró kò ní egungun ẹ̀dá kankan nínú. Òkè tó nà gbọọrọ láti ìhà Iléṣà, tó gba Ẹ̀fọ̀n kọjá lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, tí omi gbígbóná Ìkògòsì ń gba ojú sísán rẹ̀ sun jáde, iyanrìn ni tẹ́lẹ̀ rí. Ooru inú ilẹ̀ àti ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló sọ ọ́ di òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ìgbóná ńlá tó kẹ́yìn là á kọjá. Òkúta Ìjerò, tí àwọn awakùsà ti ń wa columbite, tantalite àti tourmaline, ìdí iná kan náà ló ti jáde. Nígbà tí iná yẹn ń jó, ẹranko elégungun kò tíì sí láyé. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ẹ̀rí bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran ní apá ibí yìí kò ní rí i nínú àpáta bí àwọn ará Jámánì tàbí ará Kẹ́ńyà ṣe ń rí tiwọn. Inú ihò kan lẹ́bàá Ìṣàrun, inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn àti inú ebè iṣu ni yóò ti wá a.

Ẹfolúṣọ̀n ni orúkọ ẹ̀kọ́ tó sọ pé gbogbo ohun abẹ̀mí ló bá ara wọn tan, àti pé ìyípadà kéékèèké tó ń kó jọ láti ìran dé ìran ló sọ wọ́n di oríṣiríṣi. Ní 1858 ni wọ́n ka iṣẹ́ Charles Darwin àti ti Alfred Russel Wallace sétí ẹgbẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Darwin tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde. Kókó ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Ọmọ a máa jọ òbí, ṣùgbọ́n kì í jọ ọ́ tán. Àwọn tí à ń bí pọ̀ ju àwọn tó ń dàgbà lọ. Bí ìyàtọ̀ kékeré kan bá jẹ́ kí ẹni tó ní in pẹ́ láyé kó sì bímọ, ìyàtọ̀ náà yóò máa pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí ni wọ́n ń pè ní àṣàyàn àdánidá: kò sí ẹni tó jókòó tó ń ṣà, síbẹ̀ ṣíṣà ń lọ.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló sọ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó kan gbogbo nǹkan. Kí Darwin tó dé, ẹni tó bá wo ojú ẹran tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, ohun tí yóò béèrè ni pé ta ló ṣe é. Darwin ní bí àkókò bá gùn tó, tí ìbí àti ikú sì pọ̀ tó, ohun tó dà bí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n lè ti ibẹ̀ jáde. Ní 1871 ó mú ọmọ ènìyàn wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àtìrònú, àtìfẹ́, àtẹ̀rí-ọkàn. Wallace kò bá a dé ibẹ̀. Láti 1869 ló ti ń kọ ọ́ pé ọpọlọ ènìyàn ju ohun tí àṣàyàn àdánidá lè ṣe lọ, àti pé ọwọ́ ọlọ́gbọ́n kan tó ga jù wá lọ ní láti wà níbẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ ara, àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan; orí ọ̀rọ̀ ọkàn ni wọ́n ti pínyà, àwọn onímọ̀ kò sì tíì parí ìjà náà dòní.

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní àlàyé tirẹ̀ nípa ayé kí ẹ̀kọ́ yìí tó dé. Alárá ni ọba Arámọkọ, Ajerò ni ọba Ìjerò, àwọn méjèèjì sì wà lára ọmọ mẹ́jọ tí ìtàn Ifá sọ pé Ọ̀rúnmìlà bí. Nínú ìtàn náà, Ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn kọ̀, kò wólẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bínú lọ sọ́run, ayé sì dojú rú: ohun tí wọ́n gbìn kò so, aboyún kò rí ọmọ bí. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀, kò bá wọn wá mọ́. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́ pé òun ni kí wọ́n máa bi léèrè. Ọgbọ́n tó wà lára ẹnì kan wá di ọ̀nà ìwádìí tí ẹni tó bá kọ́ ọ lè lò, pẹ̀lú odù 256 tí babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sórí.

Ìtàn mìíràn ni ti Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run. Kì í ṣe gbogbo orí tó mọ ló sun jinná. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ yan orí níbẹ̀. Àwọn méjì kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òjò sì bo orí wọn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ayé, ó ń họ ọ́ títí ó fi bàjẹ́. Àwọn kan lóde òní máa ń fẹ́ gbé ìtàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Darwin, nítorí pé ìyàtọ̀ ti wà kí a tó bíni, ayé sì ń dán ìyàtọ̀ náà wò. Ìjọra náà kò jinlẹ̀. Orí tí òjò fọ́ kì í bí orí mìíràn, orí tó yè kì í bímọ tó jọ ọ́. Láìsí ìbí tó ń gbé ìyàtọ̀ lọ, kò sí ẹfolúṣọ̀n. Ìbéèrè tí ìtàn Àjàlá ń dáhùn tún yàtọ̀. Ó ń wádìí ìdí tó fi jẹ́ pé lágbájá yìí, nínú gbogbo ènìyàn, ni ayé rẹ̀ rí báyìí. Bí ẹ̀dá lápapọ̀ ṣe di ohun tí wọ́n dà kò sí nínú ohun tó ń wá.

Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 1859 ni ìwé Darwin jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ìṣekòńgẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí àkókò ṣe rí: ìwé títẹ̀, ìjọ àti ìjọba òyìnbó ń wọlé bọ̀ pọ̀, ẹ̀kọ́ tuntun nípa ìran ènìyàn sì bá wọn rìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n kò kọ́kọ́ dé bí ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ àti òdòdó. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ṣe, ènìyàn ni wọ́n sì ń fi wọ̀n.

Richard Burton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Abẹ́òkúta ní 1861. Ní 1863 òun àti James Hunt wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Anthropological Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Hunt ti ń sọ pé ènìyàn dúdú kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú òyìnbó. Hunt kò tilẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Darwin. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà rí ọ̀nà fi sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. James Africanus Horton, dókítà ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, fún wọn lésì nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1868: ibi tí ènìyàn wà àti ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ ló fa ìyàtọ̀, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwé tó wá kan Yorùbá gan-an ni ti A. B. Ellis, ọ̀gágun òyìnbó, tó jáde ní 1894. Ellis ti kọ̀wé lórí àwọn tó ń sọ èdè Twi àti èdè Ewe kó tó kan Yorùbá. Ó tò wọ́n bí àtẹ̀gùn, ó ní ẹ̀sìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi hàn bí èrò ọmọ ènìyàn ṣe ń gòkè láti ìpele dé ìpele. Yorùbá ló fi sí òkè nínú àwọn mẹ́ta náà, ìyìn tó ní ìwọ̀sí nínú, nítorí pé ìpele tó ga jù lọ, òyìnbó ló dúró sí i.

Irú ẹfolúṣọ̀n yìí, tó jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì Herbert Spencer àti E. B. Tylor ju ti Darwin lọ, ní àléébù kan tó hàn gbangba. Darwin kò sọ pé ẹ̀dá ń gun àtẹ̀gùn kan lọ sókè. Igi tó ń yẹ̀ka ló yà sínú ìwé rẹ̀, ẹ̀ka kan kò sì ga ju èkejì lọ nítorí pé ó wà láyé lónìí. Nígbà tí Ellis ń tò wọ́n lórí àtẹ̀gùn, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà ni. Láti 1877 ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ajerò Ìjerò wà lára àwọn ọba tí orúkọ wọn wọ inú àdéhùn àlàáfíà 1886. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká. Bóyá ìpele kẹta ni ẹ̀sìn wọn wà tàbí ìkẹrin, ìbéèrè yẹn kò sí lára ìṣòro wọn. Ó di 1962 kí Bọ́lájí Ìdòwú tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, níbi tó ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹ̀sìn tí wọ́n ń wọ̀n.

Ìjọ ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì lẹ́yìn ogun, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n wá padà sílé. Ìyípadà tó mì Ẹ̀fọ̀n tìtì ni ti 1930. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakata tó ń tẹ ọ̀nà, tó ní òun gbọ́ ìpè ní 1928 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Ìkẹjì-Arákejì, kúrò níbi ìsọjí Òkè-Oòye ní Iléṣà, ó sì wá sí Ẹ̀fọ̀n. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa àìsàn ṣe kedere: àdúrà àti omi ìyè tó, egbòogi ìbílẹ̀ àti oògùn òyìnbó kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Láàárín ìran kan ṣoṣo, àlàyé oníṣègùn, àlàyé aládùúrà àti àlàyé ilé ìwòsàn ti wà pọ̀ nínú agbo ilé kan, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sì ń gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé Darwin wọlé. Christ's School ní Adó-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní 1933. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gírámà sì tàn ká, irú Doherty Memorial ní Ìjerò. Ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ ilé-ìwé a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Jẹ́nẹ́sísì ní àárọ̀, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ Lamarck àti Darwin sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC nígbà tó bá yá, kò sì sí ẹni tó ní kó mú méjèèjì bára wọn. Àpẹẹrẹ inú ìwé bàólọ́jì kò ran nǹkan lọ́wọ́: ọrùn àgùnfọn, ẹyẹ kéékèèké erékùṣù Galápagos, labalábá tó dúdú nítorí èéfín ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Arámọkọ tó ń kọ́ ọ lè rò pé òkèèrè nìkan ni ẹfolúṣọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ gbẹ́ ihò àpáta kan nínú igbó lẹ́bàá Ìṣàrun, ní ìhà Àkúrẹ́. Ibẹ̀ kò tó kìlómítà 40 sí Ẹ̀fọ̀n tàbí Arámọkọ bí a bá wọ̀n ọ́n lójú òfuurufú. Ihò Eléérú ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí eérú tó pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwé òyìnbó, wọ́n kọ ọ́ ní Iwo Eleru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n là ṣe irinṣẹ́ kún ilẹ̀ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní àwọn ìpele òkè ni ìkòkò amọ̀ àti àáké òkúta dídán ti hàn. Ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun ènìyàn kan. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún.

Agbárí náà ló di ìṣòro. Ẹni tó kú ní 11,000 ọdún sẹ́yìn yẹ kó rí bí ènìyàn òde òní, nítorí pé irú wa ti wà ní Áfíríkà fún nǹkan bí 300,000 ọdún. Agbárí Ihò Eléérú gùn, iwájú orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ṣáájú. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà tún un wọ̀n, wọ́n tún ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò ju ọdún 16,000 lọ. Ọjọ́ orí kékeré, ìrísí àtijọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ni pé ìtàn ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò rí bí ọ̀pá tó nà tààrà. Onírúurú ènìyàn gbé pọ̀, wọ́n sì bá ara wọn bímọ pẹ́ ju bí wọ́n ti ń rò lọ.

Àbá yìí rí àtìlẹyìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Láti 2002 ni iṣẹ́ àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní HapMap ti bẹ̀rẹ̀, láti ya àwòrán ìyàtọ̀ inú àbùdá ọmọ ènìyàn. Àwọn ará Ìbàdàn tó jẹ́ Yorùbá, 90 lápapọ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ, wà lára àwọn ìdílé tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa ẹ̀dá ènìyàn káàkiri ayé. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman lo irú dátà bẹ́ẹ̀ láti ara Yorùbá, Ẹ̀sán, Mende àti àwọn ará Gáḿbíà. Wọ́n rí i pé ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún àbùdá àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá láti ara ìran ènìyàn àtijọ́ kan tó ti yà kúrò kí àwa àti àwọn ènìyàn àtijọ́ tí à ń pè ní Neanderthal tó pínyà. Egungun ìran náà kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ pé ara wọn ni ẹni tó wà ní Ihò Eléérú. Ilẹ̀ igbó olómi máa ń jẹ àbùdá inú egungun run, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí a lè fi ṣe ìfiwéra.

Ẹ̀jẹ̀ tún ní ìtàn mìíràn, èyí tó wọ gbogbo agbo ilé. Ní 1949 ni Linus Pauling fi hàn pé àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ti inú ẹ̀yà kékeré kan nínú ẹ̀jẹ̀ wá. Ní 1954, Anthony Allison tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé ọmọ tó gba àbùdá náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ẹni tí à ń pè ní AS, máa ń bọ́ lọ́wọ́ ibà tó ń pa ọmọdé ju ọmọ AA, tí kò gbà á rárá, lọ. Ọmọ SS, tó gba á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ni àrùn náà ń bá fínra. Bí ẹ̀fọn àti ibà bá pọ̀ ní ilẹ̀ kan, AS ni yóò máa yè jù, àbùdá S kò sì ní parẹ́. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló gbé e dání. Kò sí àpẹẹrẹ àṣàyàn àdánidá lára ọmọ ènìyàn tó hàn ju èyí lọ nínú ìwé kankan, ẹnu ọ̀nà ilé ló sì wà.

Ohun tó mú kó jinlẹ̀ ni ipa ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Frank Livingstone kọ ọ́ ní 1958 pé ìtànkálẹ̀ S ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá ìtànkálẹ̀ iṣẹ́ oko mu. Igbó kìjikìji kì í jẹ́ kí oòrùn dé ilẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ṣán oko, tó kọ ebè, omi òjò á dá sí ojú ihò tí oòrùn ń pa, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn Anopheles gambiae fẹ́ràn láti yé sí. Abúlé á tún kó ènìyàn jọ fún un. Bí a bá gba èyí, àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ gé igbó láti gbin iṣu ní ilẹ̀ tó di Èkìtì ti fi ọkọ́ àti àdá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ padà, láìmọ̀. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, ṣírò láti inú àbùdá pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn, nígbà tí Sàhárà ṣì tutù tó sì ní koríko. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ibà àti ẹ̀jẹ̀ kò mọ sí òkèèrè. Ní Ìbàdàn, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1969 bí àìtó G6PD, ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, náà ṣe ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ibà.

Àbíkú ni orúkọ tí àwọn àgbà fún ọmọ tó ń kú tó tún ń padà wá. Ìyá kan náà a bí i, a sin ín, a tún bí i. Wọ́n a máa sàmì sára òkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà. Wọ́n a sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, kó lè dúró. Àwọn dókítà ti rí i tipẹ́ pé ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ jọ ti ilé tí òbí méjèèjì ti jẹ́ AS, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó ń wú náà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbíkú ni SS. Ibà fúnra rẹ̀, ìgbóná, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀ ọmọ láyé àtijọ́. Orúkọ Babátúndé àti Ìyábọ̀ ti inú irú èrò kan náà wá, pé àgbà tó ti kú ló padà wá nínú ọmọ; a sì máa ń rí ọmọ tó jọ bàbá bàbá rẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ. Gregor Mendel fi ẹ̀wà pòpòndó ilẹ̀ òyìnbó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1866, pé ohun tó fara pamọ́ nínú ìran kan lè tún yọ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú àwọn àgbà ríran dáadáa. Ohun tí wọ́n rí kò sì jẹ́ àròsọ.

Ti iṣu kò le tó bẹ́ẹ̀. Darwin fi orí kìíní ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹlé àti ohun ọ̀sìn, nítorí pé yíyàn tí ènìyàn ń yàn ló fẹ́ fi ṣàlàyé yíyàn tí kò ní olùyàn. Ó lè fi iṣu ṣe é. Àgbẹ̀ Èkìtì kì í gbin hóró iṣu. Ẹ̀bù ló ń gé láti ara èyí tó dára jù, ó sì ń fi èyí tó korò tàbí tó lẹ́gùn-ún sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irú iṣu tí a lè fi gúnyán ló kù lóko. Ní 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àbùdá iṣu funfun, wọ́n ní láti ara iṣu igbó Dioscorea praehensilis ló ti wá, ní agbègbè odò Ọya. Ní ọdún kejì, àwọn mìíràn ní àdàlù ni, igbó àti ọ̀dàn ló pàdé nínú rẹ̀. Bí ó ti wù kó rí, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni iṣu funfun ti bẹ̀rẹ̀; ewùrà ló ti Éṣíà wá. Ní ilẹ̀ olómìnira Benin, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wú iṣu igbó wá sí oko, wọ́n ń tún un gbìn lọ́dọọdún títí yóò fi rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ni ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ti ṣe ìpalára jù. Ní 1953, àjọ ìlera àgbáyé WHO tẹ ìwé J. C. Carothers jáde lórí ọkàn ará Áfíríkà. Carothers ní ará Áfíríkà kì í lo iwájú ọpọlọ rẹ̀ tó, ó fi í wé òyìnbó tí wọ́n ti gé ọpọlọ rẹ̀. Àtẹ̀gùn Ellis ló tún gbé dìde, ó kàn wọ aṣọ dókítà fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton kó àwọn olùwádìí lọ sí àwọn abúlé agbègbè náà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Irú ìdààmú ọkàn tí wọ́n rí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí ẹgbẹ́ Leighton ti rí ní Stirling County ní Kánádà. Ọpọlọ kan náà ni. Bí ẹfolúṣọ̀n bá ní ohun kan láti sọ nípa ọkàn, gbogbo ọmọ ènìyàn ni yóò sọ ọ́ fún.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ifẹ̀ gbé ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1972 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ jọ́nà Second Order. Nínú rẹ̀ ni J. Olúbí Ṣódípò ti kọ̀wé ní 1973 lórí ìdí àti èèṣì nínú èrò Yorùbá. Sáyẹ́ǹsì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀, máa ń sọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ mọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ sí ẹni yìí lọ́jọ́ òní, ibẹ̀ ni òrìṣà ti wọlé. Nígbà tó yá, òun àti Barry Hallen lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ó jẹ́ ìmọ̀ àti ohun tí ó jẹ́ ìgbàgbọ́. Ìdáhùn àwọn oníṣègùn le ju ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ohun tí ojú ẹni rí tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí nìkan ni ìmọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ, ìbáà ṣe nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Lórí òṣùwọ̀n yìí, ẹfolúṣọ̀n tí ọmọ ilé-ìwé há sórí fún WAEC kò tíì di ìmọ̀ rẹ̀. Ìwé Hallen àti Ṣódípò jáde ní 1986. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1997, W. V. O. Quine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ẹni tó ti fi Darwin ṣàlàyé ìdí tí ìrònú ènìyàn fi máa ń bá ayé mu: ẹ̀dá tó bá ń ṣi nǹkan mú nígbà gbogbo, kì í pẹ́ kú.

Sophie Bósẹ̀dé Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè tí kò jìnnà sí Ihò Eléérú, gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1984. Òun náà jiyàn títí tó fi kú ní 2018 pé ìrònú tó ń yẹ ara rẹ̀ wò ni Ifá, kì í ṣe ìgbàgbọ́ òjijì, àti pé ohun tí sáyẹ́ǹsì kò tíì ṣàlàyé kò di irọ́ nítorí ìyẹn nìkan. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ kí a gba ohun kan gbọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Kò sí ibi tí àríyànjiyàn yìí ti sún mọ́ ìgbé ayé ènìyàn tó ìyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó.

Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìrí ìwé jínótáìpù wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjerò, irú ìṣirò yìí wà lára ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ mọ̀. AS méjì tó bá fẹ́ra: oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́rin láti jẹ́ SS, ìdámẹ́rin láti jẹ́ AA, ìdajì láti jẹ́ AS bí àwọn òbí. Ẹfolúṣọ̀n ṣàlàyé ìdí tí S fi pọ̀ láàárín ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kejì nínú ilé kan bá jẹ́ SS, kò sọ ìdí tó fi jẹ́ òun ni, tí kì í ṣe àkọ́bí, ìyá ọmọ náà sì lè lọ bi pásítọ̀ tàbí babaláwo léèrè. Fún oyún kẹta, ìṣirò náà kò yí padà: ìdámẹ́rin ni.